Àwọn Ẹyẹ Inú Àdúrà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka Jọ́ọ̀sì)

 

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò afẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni ti ẹyẹ láàárín àgbà?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìṣílé, ẹyẹ mẹ́ta ni a sábà máa ń dárúkọ nínú àdúrà wa: agbe, àlùkò àti lékeleke. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín a máa ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè wò. Lékeleke nìkan ni wọ́n mọ̀, nítorí pé wọ́n ń rí i tí ó ń tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní kiri. Agbe àti àlùkò kò ju ìró lásán lọ létí wọn. Òdídẹrẹ́ ńkọ́? Inú àgò ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí i, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i rárá. Ọmọ tí ó ń ṣe àmín sí ohun tí kò mọ̀ ti ń pàdánù ogún kan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jí i gbé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a máa kó àwọn ọmọ wa lọ wo ẹyẹ ní ibi tí ẹyẹ ń gbé.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́bàá abúlé Laminga, nítòsí wa níhìn-ín, igbó kan wà tí a ń pè ní Amurum, lórí ilẹ̀ gíga tí ó ju 1,200 mítà lọ. Ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ará abúlé. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tí a fi orúkọ A. P. Leventis pè, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, ni ó bá wọn dáàbò bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹyẹ kékeré pupa kan ń gbé àárín àpáta níbẹ̀. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé irú rẹ̀ dá yàtọ̀. Ẹyẹ dúdú kan tún wà tí kì í tọ́ ọmọ ara rẹ̀: inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa yìí ni ó ń yé ẹyin sí, kí onílé máa bá a tọ́ ọmọ. Orí òkè tiwa yìí ni àwọn onímọ̀ ti rí àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì gbọ́ nípa wọn rí.

Ṣùgbọ́n agbe àti òdídẹrẹ́ kì í ṣe ẹyẹ àpáta. Igbó dídí ni ilé wọn. Ẹni tí ó bá ti Lọ́kọ́jà gba Okene àti Auchi lọ sílé, ìlú Bìní ni yóò gbà kọjá kí ó tó kọrí sí Ọrẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe ju kí á ra búrẹ́dì ní Bìní kí á sì máa lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa yà níbẹ̀.

Àwọn ará Bìní mọ ìyì ẹyẹ. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí Ọba Esigie ń lọ sí ogun Ìdá, ní nǹkan bí 1515, ẹyẹ kan ké lókè pé ìparun ni ó wà níwájú. Ọba ní kí wọ́n pa á. Ó lọ, ó ṣẹ́gun, ó sì ní kí wọ́n fi idẹ ṣe àwòrán ẹyẹ náà, kí àwọn ìjòyè máa lù ú níbi ayẹyẹ ààfin. Ẹyẹ idẹ kì í kú. Ẹyẹ ẹlẹ́ran ara ni ó ń tán.

Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Bìní, ní ọ̀nà Udo, ni igbó Okomu wà. Láti 1912 ni ó ti jẹ́ igbó ọba. Apá kan nínú rẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà onígun mẹ́rin, di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1999. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ti di oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà. Ní àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kan, E. W. Jones, wo abẹ́ ilẹ̀ igbó náà, ó sì bá èédú àti àfọ́kù ìkòkò níbẹ̀. Èyí ni pé ènìyàn ti dáko níbẹ̀ rí, tí igbó sì tún padà hù. Igbó lè padà, bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó sinmi.

Ohun tí kò lè tètè padà ni igi àgbà. Bí àkókò ìyé bá dé, abo ogbìgbò a wọ inú ihò igi ńlá, a dí ẹnu ihò náà kí ó ku ojú tóóró, akọ a sì máa gbé oúnjẹ wá fún un láti ìta. Inú ihò igi ni òdídẹrẹ́ náà ń yé sí. Ẹni tí ó bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ ti wó ilé ọlọ́mọ. Gbogbo wa ni a sì mọ ipò ìkóóde níbi oyè jíjẹ. Bí òdídẹrẹ́ bá tán, níbo ni a ó ti rí ìkóóde? Láti oṣù kìíní 2017 ni òfin àgbáyé ti ka òwò òdídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í ṣọ́ igbó; ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tí ó bá dé Ìbàdàn, kí ó béèrè igbó inú ọgbà IITA. Láti 1967 ni a ti dá ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn náà sílẹ̀, igbó inú ọgbà rẹ̀ sì ṣì dúró. Ìbátan ẹ̀ga kan wà níbẹ̀, pupa àti dúdú, tí Elgood rí ní 1951, tí ó sì kọ sínú ìwé ní 1958. Orúkọ ìlú Ìbàdàn ni wọ́n fi pè é, ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni ó sì wà ní gbogbo ayé.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ẹyẹ tí a kò ní jẹ, kí ni wíwò rẹ̀ ń ṣe?" Èsì mi nìyí. Àwọn ará abúlé tí ó yí igbó ká ní ọmọ láti bọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń ra ẹran ìgbẹ́ àti pákó nìkan ni ó ń wá bá wọn, ẹran àti pákó ni wọn yóò máa tà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ rí ẹyẹ láàyè bá ń wá, tí ó sì ń sanwó fún amọ̀nà, ẹyẹ kan náà ni wọn yóò máa tà lónìí, tí wọn yóò tún tà lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún lílọ. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ti rí kí ẹ tó gbéra, ọ̀sán sì ni kí ẹ rìn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn onílẹ̀, nítorí a mọ bí àlejò ti ń ṣe. Ẹ jí wọ igbó kí oòrùn tó mú. Kí aṣọ yín má funfun, kí ohùn yín rẹlẹ̀, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Etí ni yóò kọ́kọ́ rí ẹyẹ kí ojú tó rí i.

Ohun mẹ́ta ni mo fi síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, kí a kó àwọn ọmọ wa lọ sí Amurum ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí àwọn tí ń lọ sílé lópin ọdún sì yà ní Okomu. Èkejì, kí àwọn àgbà pe orúkọ ẹyẹ tí wọ́n mọ̀, kí ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka yìí. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ra òdídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó, ìbáà pọ̀, ìbáà kéré ní owó.

Kí Olódùmarè mú wa délé láyọ̀.