Nígbà tí Ẹsẹ̀ bá Kọ̀: Ìfarapa Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Eré Sísá



Àwọn baba wa a máa wí pé àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ni ó ń lé e. Òwe yìí gan-an ni wọ́n fi kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà kánfáàsì, tí mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Asese. Ìyá alákàrà kan gbé ìgbakọ rẹ̀ sókè, ó ní, 'Tíṣà, ta ní ń lé yín?' Mo ní, 'Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, màmá.' Gbogbo àwọn tí ó dúró ra àkàrà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Dókítà ti kì mí nílọ̀ pé bí n kò bá gbé ara nílẹ̀, ara yóò gbé mi ṣánlẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Ibafo àti Mowe yóò mọ irú ibi tí mo ń wí. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bú, eruku ń sọ, àwọn ọlọ́kadà kò sì mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kankan. Mo ń sáré kọjú sí ọkọ̀, ní ọwọ́ òsì, kí n lè máa rí ohun tí ń bọ̀. Ohun tí n kò kíyèsí ni pé ẹ̀gbẹ́ títì kò tẹ́jú. Wọ́n mọ ọ́n kí ó dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sáré, ẹsẹ̀ òsì mi wà nísàlẹ̀, ọ̀tún wà lókè, bí ẹni tí ń tiro láìmọ̀.

Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ti ń sá ìṣẹ́jú 30 láìmí gúlegúle. Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé n óò bá wọn sá kílómítà 10 níbi eré Èkó, èyí tí ó ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ láti ọdún 2016. Ní ọ̀sẹ̀ keje ni ojúgun òsì mi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibi yìí gan-an ni ó ń tan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Ọkàn àti èémí ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí ti gùn, ẹni náà sì rò pé gbogbo ara ni ó ti gbọ́n bákan náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eegun a máa lọ́ra púpọ̀. Nígbà tí a bá di ẹrù tuntun rù ú, yóò kọ́kọ́ ha èyí tí ó ti gbó nínú ara rẹ̀ kúrò ná, kí ó tó fi tuntun dí i. Híhá náà kò gbà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n dídí a máa gba oṣù. Ó dà bí ẹni tí ó ń pa òrùlé dà: ó ti ká páànù àtijọ́, kò sì tí ì kan tuntun. Bí òjò bá dé láàárín méjèèjì ńkọ́? Èmi tí mo ń fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, òjò ni mo ń pè.

Ẹ má sì rò pé èmi nìkan ni orí burúkú ń bá jà. Ní ìlú Groningen lórílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn onímọ̀ kan ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, lórí àwọn 532 tí kò mọ eré sá tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 13 kọ́ apá kan díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ apá kejì. Nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó farapa. Ìyẹn ni pé ìfarapa kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìtìjú. Èsì náà ya àwọn tí ó gbà pé díẹ̀díẹ̀ nìkan ti tó lẹ́nu.

Mo fi ìrora náà pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo fi òróró Aboniki ra á, mo sì ń bá eré lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ eré ìdárayá wa a máa sọ pé ọ̀lẹ ni ẹsẹ̀ ń dùn. Ó hàn gbangba pé ohùn rẹ̀ kò tí ì kúrò létí mi. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wò wá, tí ẹ máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, ẹ ronú sí i: mélòó nínú àwọn ọmọ tí a ń pè ní ojo ni eegun wọn ti sán?

Bóyá nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ́dọ̀ dókítà ni ìbéèrè rẹ̀. Kò béèrè bóyá ó ń dùn mí. Ó ní, 'Báwo ni ó ṣe ń ṣe é yín, sà?' Ìbéèrè yìí, ilé Yorùbá ni ó yẹ ẹ́. Orí ń fọ́ wa, inú ń run wá, egbò ń ta wá, ẹ̀yìn ń ro wá, ẹ̀gún ń gún wa. A kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jẹ gbogbo wọn. Mo wá rántí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojúgun náà ń ro mí ni. Odidi àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń bo ibi tí ó ń ro, bí ara bá sì ti gbóná, yóò rọlẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó kúrò ní ríro, ó di gígún. Ìka kan ṣoṣo ni mo lè fi tọ́ka sí i, ó ń gún mi bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń jí mi lóru. Dókítà ní èyí tí ń ro, awọ tí ó bo eegun àti ẹran tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni ó sábà máa ń bínú. Èyí tí ń gún lójú kan, kí a fura pé eegun ti sán.

Wọ́n yà mí ní X-ray, wọn kò rí nǹkan kan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n dókítà kò dùn sí i. Ó ní irú sísán bẹ́ẹ̀ lè má hàn nínú àwòrán fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà kí n sinmi bí ẹni tí eegun rẹ̀ sán. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń padà sórí títì ní ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní àwòrán ti dá wọn láre.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n lọ bá àwọn tí ń to eegun. N kò fojú tín-ín-rín wọn. Ọwọ́ wọn ti tó eegun kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n dídì tí ó bá le jù a máa pa ẹran ara kú, àwọn dókítà wa sì ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ẹsẹ̀ tí a gé nítorí rẹ̀. Láti ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ti wà ní Igbóbì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ti yìnyín tí a máa ń gbé lé ojú ìfarapa, dókítà Gabe Mirkin tí ó sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1978 ti padà kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé ó lè fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi, ó sì sọ ìtàn Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia tí ó fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà ní Róòmù ní 1960. Ní 1964, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí eré ó tó bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ àfikún ìfun rẹ̀. Síbẹ̀ ó sá kílómítà 42 ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12, ó sì tún gba wúrà. Ọ̀rẹ́ mi ní, 'Ìwọ wá jókòó nítorí ojúgun!' Ìtàn 1964 yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ta ní ń sọ ti 1968? Ní Mexico, Bikila yìí kan náà gbé ẹsẹ̀ tí ń dùn ún lọ sórí eré. Kò ju bí kílómítà 17 lọ tí ó fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Mamo Wolde, ọmọ ìlú rẹ̀, ni ó gba wúrà. Ní tèmi, n kò rí i pé Bikila ti 1964 nígboyà ju ti 1968 lọ. Ní 1964, wọ́n ti yọ ohun tí ń dà á láàmú kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dá ṣáṣá. Ní 1968, ẹsẹ̀ gan-an ni àìsàn wà. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní olùkọ́ kò ní kú sí àìrí àwáwí.

N kò lè purọ́ pé ìjókòó náà rọrùn. N kò lọ sí eré Èkó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ, wọ́n sì fi àwòrán ara wọn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rù tí ó bà mí jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà, nítorí pé kò bá mi sinmi. Nígbà tí rírìn kò gún mi mọ́ rárá, dókítà ní kí n máa rìn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ títì sílẹ̀, mo bọ́ sí ojú ọ̀nà oníyanrìn tí ó tẹ́jú nínú àdúgbò. Lẹ́yìn èyí, mo ń sá ìṣẹ́jú kan, mo ń rìn méjì. Bí ó bá gún mi, mo dúró, bí kò bá gún mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo fi díẹ̀ kún un. Láàárín ọjọ́ eré kan sí òmíràn, mo ń sinmi. Àwọn ọmọ kéékèèké a máa sáré kọjá lára mi, wọn a sì padà wá wò mí lójú.

Títí di Sátidé tí ó kọjá, ìṣẹ́jú 21 ni mo lè sá láìdúró, ó ṣì ku mẹ́sàn-án kí n tó débi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ìyá alákàrà tún rí mi. Ó ní, 'Tíṣà, ṣé ejò náà kò tí ì padà lẹ́yìn yín ni?' Mo ní ó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti ń rìn báyìí. Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ padà fún yín.