Ẹ̀bùn fún Àwọn Onílàjà

Àwọn baba wa ní, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí ọmọ ìyá méjì tí ẹjọ́ ilẹ̀ sọ di ọ̀tá ara wọn títí ọjọ́ ikú. Lálẹ́ yìí, orílẹ̀-èdè méjì tí ọ̀rọ̀ wọn le ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ẹ̀bùn tí a ń fún àwọn tí ń là wọ́n níjà.

Jámánì àti Tsẹ́kì ni wọ́n, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n bá ara wọn pààlà. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ti ń gbé láàárín àwọn Tsẹ́kì, tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ní ọdún 1938, Hitler gba apá kan ilẹ̀ Tsẹkoslofákíà. Nígbà tí ó di 1939, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Prague tí í ṣe olú-ìlú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1942, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 173 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní abúlé Lidice, wọ́n sì run abúlé náà.

Ogun parí ní 1945, ẹ̀san sì bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ni a lé kúrò nílé, ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀. Ní ìlú Brno, àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a fi ẹsẹ̀ lé jáde ní ìparí oṣù karùn-ún. Ọ̀pọ̀ kú lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ sì kú ní ìlú kékeré tí a ń pè ní Pohořelice.

Ẹni tó ṣe ló ń gbàgbé, ẹni tí a ṣe é sí kì í gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Olúkúlùkù ń ka òkú tirẹ̀, kò ka ti ẹnìkejì. Ní ọdún 1997, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kan ní Prague: Jámánì kẹ́dùn ìwà ipá tí ó hù, Tsẹ́kì náà kẹ́dùn ìyà tí ó fi jẹ àwọn aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í wọ inú ilé lọ bá ènìyàn. Ta ni yóò wọ̀ ọ́?

Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà fún òye láàárín Jámánì àti Tsẹ́kì fi wà láti ọdún 1994. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé ni a ń fi yẹ́ sí.

Ẹ wo ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní 2009, Kateřina Tučková, obìnrin ọmọ Tsẹ́kì, kọ ìtàn àròsọ nípa ọmọbìnrin kan tí a lé kúrò ní Brno pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ní 2015, tí ó pé 70 ọdún, ìgbìmọ̀ ìlú Brno kẹ́dùn ní gbangba. Àwọn ènìyàn sì rin ọ̀nà náà, nǹkan bíi kìlómítà 32. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: Pohořelice ni wọ́n ti gbéra, wọ́n kọjú sí Brno, bí ẹni ń sin èrò padà wálé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn kan rò pé bí a bá ń sunkún òkú Brno, a ó gbàgbé òkú Lidice. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi tirẹ̀ kò tíì sọ pé ẹnìkejì òun kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá jà lọ́la, tí olùkọ́ ní kí ẹ rojọ́, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ èyí tí òun ṣe. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa gbìyànjú rẹ̀ nílé pẹ̀lú. Ó dàárọ̀ o.