Ta Ni Yóò Ra Gílóòbù Náà?



Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníbàárà Band A máa san ₦225 lórí yúníìtì iná kan. ₦68 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, bó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, ₦135 ló jẹ lówó yẹn. Gílóòbù LED oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dín, ₦20 lé díẹ̀ ni.

Wọ́n á ní ká máa ṣọ́ iná lò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra gílóòbù náà? Ṣé ayálégbé tó ń fi gààrí sùn ni?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe. Kúbà àti ECOWAS ti bá Nàìjíríà ṣe ètò mílíọ̀nù kan gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò Warm Front fi owó ìjọba tún ilé àwọn aláìní ṣe, láti ọdún 2000 títí di 2013, kí owó iná wọn lè dínkù.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè kò le: kí ìjọba gba gílóòbù àtijọ́, kó fún wa ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, lójúlé dé ojúlé, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣe.

Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ bi wọ́n: gílóòbù wa dà?