Ta Ló Tọ́ Ẹni Tó Ń Sáré?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọmọ Yorùbá ní ọjà Oliha, ìlú Bìní

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ta tòmátì kò lè jókòó ti ọ̀mọ̀wé títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà kóra jọ sí Jakarta fún ìdíje ńlá wọn. Íńdíà kó àwọn ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀ wá. Dutee Chand, ọmọ ìpínlẹ̀ Odisha, sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 11.32, ó gba fàdákà. Ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ sá 11.30. Ó tún jáde fún 200 mítà, fàdákà náà ló tún já sí, ẹni àná ló sì tún gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Hima Das, ọmọ Assam, sá 400 mítà, fàdákà ni tòun náà.

Àwọn wo ló wá gba góòlù? Edidiong Odiong gba méjì, Salwa Eid Naser gba ọ̀kan. Aṣọ Bahrain ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ Akwa Ibom ni Odiong, ilẹ̀ Anambra ni wọ́n sì ti bí Naser. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní Incheon, Femi Ogunode (ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa) ti gba góòlù 100 àti 200 mítà fún Qatar. Éṣíà ń bára wọn figagbága, ọmọ Nàìjíríà ń gba góòlù, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ò sì rí nǹkan kan mú lọ sílé.

Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé Ọlọ́run ló dá ẹsẹ̀ wa yàtọ̀. N kò gbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kan náà fi ń ṣiṣẹ́ ní Bahrain, tí kì í ṣiṣẹ́ nílé? Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ọjà yìí lónìí ni pé ẹni tó tọ́ni ló ni ìṣẹ́gun, ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Bendel tẹ́lẹ̀ sì mọ èyí ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí púpọ̀ nínú ayé tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí ọjà yìí ń jẹ́ gan-an bá ọ̀rọ̀ mi mu. Oliha ni olórí àwọn Uzama, àwọn afọbajẹ Bìní. Ìtàn kan wà tí a máa ń sọ ní Ifẹ̀, tí àwọn kan sì ti kọ sílẹ̀ ní Bìní níbí, pé nígbà tí àwọn àgbà Bìní ní kí Odùduwà fún àwọn ní ọmọ tí yóò jọba, iná orí méje ni Odùduwà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Oliha. Ó ní kí ó tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta. Oliha tọ́jú wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti sanra. Odùduwà ní ẹni tó lè tọ́ iná orí dàgbà yóò lè tọ́ ọmọ òun, ó sì fi Ọ̀rànmíyàn ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ààfin Bìní ní ìtàn tiwọn nípa ẹni tí Odùduwà jẹ́, n kò sì wá síbí láti bá onílé jiyàn nínú ilé rẹ̀. Ìdánwò tó wà nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ mú. Wọn kò bi Oliha bóyá ó lágbára tàbí ó lówó. Wọ́n wo bó ṣe ń tọ́jú nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ayé tiwa. Ọdún 1950 ni Josiah Majekodunmi ti gba fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland, nínú ìdíje àwọn ìlú tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ, ó gba góòlù. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà láìní bàtà. Ọdún 1958 ni Milkha Singh tó gba góòlù eré sísá àkọ́kọ́ fún Íńdíà nínú ìdíje kan náà, ní Cardiff. Ẹ ò rí i pé a ti ṣíwájú Íńdíà lórí pápá nígbà kan.

Àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, orí wọn àti iléèwé tó gbà wọ́n ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ìjọba tó jókòó ti eré ìdárayá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ìlú Bìní ni mo ti rí i. Samuel Ogbemudia, ọmọ Bìní tí wọ́n bí ní 1932, di gómìnà ológun Midwest, ìpínlẹ̀ tó di Bendel lẹ́yìn náà, ní 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Ó kọ́ pápá ìṣeré Ogbe, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó gbé eré ìdárayá wọ iléèwé. Afuze di àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn eléré ìdárayá lọ kí wọ́n lè gbára dì, kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì sùn níbẹ̀ láìdààmú. Nígbà tí Nàìjíríà dá ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1973 láti fi so ìlú tí ogun ti tú ká pọ̀, Midwest ló ṣe ipò kìíní. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé ìjọba ológun ni, kò sí ilé aṣòfin tó ń bi í léèrè iye tó ná. Síbẹ̀, ohun tó ná owó náà lé lórí hàn sí gbogbo ayé.

Ní Munich, 1972, Isaac Ikhouria kan ẹ̀ṣẹ́ títí ó fi gba idẹ. Àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí Nàìjíríà mú bọ̀ láti Òlíńpíìkì ọdún yẹn nìyẹn. Ní Barcelona, 1992, Faith Idehen wà nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó gba idẹ nínú rilé 4 × 100 mítà, Richard Igbineghu sì gba fàdákà nínú ẹ̀ṣẹ́. N kò ní láti ṣàlàyé fún yín pé orúkọ apá ibí ni Ikhouria, Idehen àti Igbineghu.

Charlton Ehizuelen ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù. Ó lọ sí fásitì Illinois, ó ń fò jìnnà, ó sì fo 8.26 mítà ní 1975. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Montreal. Nàìjíríà ti dé ibẹ̀, wọ́n sì pè wọ́n padà, àwọn àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, nítorí pé New Zealand lọ bá àwọn òyìnbó South Africa gbá bọ́ọ̀lù rọ́gúbì lásìkò tí wọ́n ń fìyà jẹ ènìyàn dúdú. Mo fara mọ́ ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó náni: ẹni tó gba góòlù fífò jìnnà ní Montreal fo 8.35, ẹni tó gba fàdákà fo 8.11. Ẹ fi 8.26 ti Ehizuelen sáàárín wọn. Íńdíà lọ sí Montreal ní tiwọn, wọ́n sì ṣe ipò keje nínú họ́kì, eré tí wọ́n ti gba góòlù méje nínú rẹ̀. Pápá tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe ni wọ́n lò fún ìgbà àkọ́kọ́, orí koríko sì ni àwọn ọmọ Íńdíà ti kọ́ tiwọn.

Ó ku Sydney, ọdún 2000. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Òlíńpíìkì gbà kí obìnrin gbé irin. Obìnrin ti ń gbé ẹrù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹ ṣáà wo ọjà yìí! Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé irin náà: ní ti èkíní, wọ́n á fà á láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà, ní ti èkejì, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lé àyà, wọ́n á mí, wọ́n á wá tì í sókè. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. Ní ìsọ̀rí 75 kìlógíráàmù, obìnrin mẹ́ta ló ní iye kan náà, 245 kìlógíráàmù: María Isabel Urrutia ti Colombia, Ruth Ogbeifo tiwa, àti Kuo Yi-hang ti Taiwan. Àpò ìrẹsì ńlá márùn-ún, ẹ yọ kóńgò díẹ̀ nínú ọ̀kan. Òfin ìgbà náà ní bí iye bá dọ́gba, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ló borí. Urrutia ló fúyẹ́ jù, ó gba góòlù àkọ́kọ́ tí Colombia gbà ní Òlíńpíìkì láti ìgbà tí ayé ti ń sá a. Ogbeifo gba fàdákà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Karnam Malleswari gbé 240 ní ìsọ̀rí 69, tó gba idẹ, tó sì di obìnrin Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíńpíìkì. Ní 2021, ìjọba Delhi fi í ṣe ọ̀gá àgbà fásitì eré ìdárayá wọn. Ogbeifo gba ohun tó ju tirẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ orúkọ Ruth Ogbeifo kí n tó dárúkọ rẹ̀ níbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín sókè kí n rí i. Ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ má rò pé Íńdíà mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn góòlù kẹjọ tí wọ́n gbà nínú họ́kì ní Moscow, 1980, ọdún mọ́kànlélógójì gbáko ni wọn ò fi rí àmì ẹ̀yẹ kankan nínú eré náà. Ta ló gbé wọn dìde? Odisha ni, ìlú Dutee Chand, ìpínlẹ̀ tí wọn kì í kà mọ́ olówó ní Íńdíà. Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́ bùkátà ikọ̀ họ́kì orílẹ̀-èdè, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní àgbègbè kan, Sundargarh, tí ọmọdé ti ń gé ọparun ṣe ọ̀pá họ́kì. Ní Tokyo, Íńdíà na Jámánì ní 5 sí 4, wọ́n gba idẹ, àwọn ọmọ Sundargarh sì wà nínú ikọ̀ náà. Ní Paris 2024 wọ́n tún gba idẹ. Nígbà tí mo kà nípa Odisha, Bendel ni mo rí.

Àwa ńkọ́ ní Paris? Òlíńpíìkì náà parí, ọwọ́ wa òfìfo. Àwọn aláìlera wa ló lọ gbé góòlù méjì wálé lẹ́yìn náà. Favour Ofili, ọ̀kan nínú àwọn tó yára jù nílẹ̀ yìí nígbà náà, dé Paris, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn tó máa sá 100 mítà. Kò fara pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ro. Ìwé ni wọn ò fi sílẹ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìní ní oṣù kẹrin 2021 sì rí tiwa lójú yín. Ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀, Edo 2020, tí àrùn Kòrónà ti sún síwájú, ń lọ lọ́wọ́ ní pápá Ogbemudia. Láàárín rẹ̀ ni àwọn alákòóso kéde pé àwọn á ti pápá, nítorí owó tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí kò tíì dé. Pápá tó jẹ́ orúkọ Ogbemudia! Wọ́n padà ṣe é parí. Delta ló ṣe ipò kìíní, ìyẹn ìdajì Bendel tó bá tirẹ̀ lọ ní 1991, tí wọn ò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà tutù lọ́wọ́ wọn.

N kò ní kí ọlọ́jà lọ kọ́ pápá ìṣeré. Ohun kékeré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ wo ibi tí Nàìjíríà ti ń rí àmì ẹ̀yẹ: Modupe Oshikoya gba góòlù fífò jìnnà ní Christchurch, 1974, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá, fo 7.12 mítà ní Atlanta, 1996, fífò àkọ́kọ́ tó fò ló fi gbé góòlù. Blessing Okagbare gba fàdákà ní 2008. Ese Brume gba idẹ ní Tokyo. Fífò jìnnà ò bèèrè ju ọ̀nà tó tẹ́jú àti kòtò iyanrìn lọ. Ẹ bá mi wo àwọn iléèwé ìjọba tó yí ọjà yìí ká, kí ẹ bèèrè èwo ló ní kòtò iyanrìn. Èyí tí kò bá ní, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló mọ iye tí awakọ̀ típà ń gbà. Mo ti fi tèmi sílẹ̀ lọ́wọ́ akápò yín kí n tó gun orí pèpéle yìí, ó sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ku tẹnu yín, ẹni tó bá ní ìbéèrè kó dìde.