Níbo Ni Omi Há Sí?



Ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ róbínẹ̀ ilé ìdáná, ẹ ṣí i tán pátápátá, omi ń yọ tín-ín-rín bí òwú. Kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe, ẹ kọ́kọ́ wádìí: ṣé róbínẹ̀ yìí nìkan ni, àbí gbogbo ilé?

Ẹ gbé garawa lítà 10 sábẹ́ rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ tún gbé e sábẹ́ ti balùwẹ̀. Bí ti balùwẹ̀ bá kún ní ìṣẹ́jú kan, tí ti ilé ìdáná gba mẹ́ta, ilé ìdáná lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu róbínẹ̀. Àsẹ́ kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn ni tiwa létí òkun ní Kraké níbí, ní Benin. Bí ẹ bá ń fa omi láti inú kànga, iyanrìn lè bá a wọlé, kó sì dí àsẹ́ náà. Ẹ tú u, kí ẹ ṣí omi díẹ̀. Bí omi bá tú yàà, àsẹ́ ló jẹ̀bi: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Bí nǹkan funfun bá gan mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí omi ò bá tú, ẹ wo abẹ́ síǹkì: bóyá wọn ò ṣí omi ibẹ̀ tán, tàbí páìpù rírọ̀ ló ká.

Bó bá jẹ́ gbogbo ilé ńkọ́? Bí táńkì lẹ ń lò, gíga rẹ̀ ló ń fún omi lágbára. Mítà 10 gíga ló ń fún omi ní agbára tó tó bíi báà 1. Táńkì tó fi mítà 3 péré ga ju róbínẹ̀ lọ ò lè fúnni ju báà 0,3 lọ. Ẹ gbé e ga sí i, tàbí kí ẹ ra pọ́ǹpù.

Bí omi ìjọba ni, ẹ bi aládùúgbò. Bí tirẹ̀ náà ò bá dára, ẹ fi tó SONEB, ilé iṣẹ́ omi, létí, kì í ṣe SBEE, tó jẹ́ ti iná. Láti 2003 ni wọ́n ti ya omi kúrò lára iná. Bí tirẹ̀ bá dára, ẹ ti gbogbo róbínẹ̀ yín, ẹ wo mítà omi. Bó bá ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan lẹ́yìn mítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé páìpù yín kó tó tú àsẹ́ wò.