Nígbà Tí Ọkọ́ Bá Wúwo Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kòkòrò HIV wà lára wọn ni mo bá wá. Ní ọdún 2002 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn rẹ̀. Nígbà náà, kí ènìyàn má ṣáà kú là ń wí. Lónìí, ọ̀pọ̀ tó ń lò ó ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n àìlera arúgbó a máa tètè dé bá àwọn kan nínú wọn.

Ẹ wo àgbẹ̀ ẹni àádọ́ta ọdún, tó máa ń kọ ọgọ́rùn-ún ebè lóòjọ́. Nísinsìnyí, bó bá kọ ogún, ó ti jókòó. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì ní ayé ló ń ṣe é. Oògùn mú kòkòrò náà sùn ni, kò pa á tán. Ara ṣì ń bá a jà lábẹ́lẹ̀.

Àmì márùn-ún ni Dókítà Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 2001: kí ènìyàn máa rù láìfẹ́ rù, kó máa rẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má lágbára mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kó má lè ṣe iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mẹ́ta bá pé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kódà bí kò bá bi yín. Ẹ má jáwọ́ nínú oògùn o! Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹja, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ilé ìwòsàn bá sì jìnnà, kí ọmọ ilé fi ọ̀kadà gbé e lọ. Ẹni tí ọkọ́ wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́fà.