Eṣinṣin Tsetse Kò Mọ Ààlà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òwe náà fi hàn pé ohun ìjà ni ìrù jẹ́ fún màlúù. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kan wà tí agbára ìrù kò ká, òun ni tsetse. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, takọtabo rẹ̀ ni ó sì ń mu ún. Bí ó ti ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Kòkòrò yìí ni ó ń fa àìsàn tí a ń pè ní nagana. Màlúù tí ó bá kọ lù a máa rù, wàrà rẹ̀ a dínkù, oyún a bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè kú.

Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn Fúlàní darandaran fi ń da màlúù wá sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń dà wọ́n padà sí Òkè Ọya nígbà òjò, nìyí. Màlúù oníké wọn kò lè fara da nagana bí Muturu àti N'Dama, àwọn màlúù aláìníké tí ara wọn ti mọ́ ọn láti ìrandíran.

Ọ̀nà wo ni a lè gbà ṣẹ́gun tsetse? Ní àríwá Nàìjíríà, láti 1955, ìjọba fi oògùn DDT àti dieldrin fín igbó. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà pọ̀, ṣùgbọ́n oògùn náà pa àwọn ẹ̀dá mìíràn pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n aṣọ dé. Àwọ̀ búlúù a máa fa tsetse mọ́ra, ara dúdú ni ó sì ń fẹ́ bà lé. Bí a bá ta aṣọ búlúù àti dúdú tí a ti rẹ sínú oògùn sí etí odò, èyí tí ó bá bà á yóò kú. A tún lè fi oògùn sí ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn màlúù, níbi tí tsetse ti sábà ń jẹ ẹ́.

Ọgbọ́n kẹta ni ti akọ aláìlèbímọ. Abo tsetse kì í yé ẹyin. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń bí ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì sábà jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni akọ ń gùn ún láyé rẹ̀. Bí akọ tí a ti fi ìtànṣán bà jẹ́ bá gùn ún, kò ní bímọ mọ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti Vom fi ọgbọ́n yìí lé tsetse kúrò lórí 1,500 kìlómítà onígun mẹ́rin ní agbègbè Lafia, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa lónìí. Ní Unguja, erékùṣù Sansibá, akọ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n tú sílẹ̀ láàrin 1994 sí 1997. Ní ibi méjèèjì, wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ àti oògùn dín tsetse kù.

Ṣùgbọ́n àbájáde wọn yàtọ̀. Láti 1996 ni a kò ti rí tsetse ní Unguja mọ́. Ní Lafia, ó tún padà láti inú igbó tí ó yí ibẹ̀ ká. Òkun ni ó ń ṣọ́ Unguja. Ta ni yóò máa ṣọ́ Lafia?

Ìbéèrè náà kan gbogbo ẹni tí ó ń sin màlúù lórí ilẹ̀ gbígbòòrò. Darandaran tí ó fi oògùn sí màlúù tirẹ̀ nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi agbọ̀n pọnmi ni. Níbi tí kò sí òkun, ìfohùnṣọ̀kan darandaran, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó lè di odi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.